Mọ́tò Tí Dúrójayé Fẹ́ Fi Gbé Ìyàwó

Ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, Dúrójayé káfíńtà ra wàhálà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá sí Ayédé. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ti rà á: mọ́tò pupa pẹlẹbẹ, kò lórùlé, èèyàn méjì péré ló ń gbà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, lọ́rì ló gbé òkú náà wálé.

Ohun tó fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kó fi gbé Mojísọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, láti Ìtàjí wọ Ayédé lójú gbogbo ayé. Tinúọlá, ìyá ìyá Dúrójayé, kìlọ̀ fún un.

"Ọkọ kì í fúnra rẹ̀ lọ mú uyàwó wá. Àwọn obìnrin ló ń sìn ín. Bó bá dé, ọkọ ò gbọdọ̀ sí ní ulé."

"Ìyá, ayé ti lajú," ni èsì ọ̀gbẹ́ni.

Ó lọ yọ ẹ́ńjìnnì lọ́rì kòkó kan tó ti dojú dé lọ́nà Ìfàkì. Àwa aládùúgbò so okùn mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, a fa ẹ́ńjìnnì náà sókè, a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí iwájú mọ́tò. Kò wọlé. Mẹkáníìkì ì bá ní ká lọ wá òmíràn, ṣùgbọ́n káfíńtà lọ̀gá wa, ohun tí kò bá wọlé, gígé ni. Ó mú ayùn irin. Ó gé ìdérí iwájú, kò tó. Ó gé irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó, kò tó. Níkẹyìn ó yọ ìjókòó kan sọnù, ẹ́ńjìnnì sì jókòó síbẹ̀ bíi baba onílé. Nígbà tó bú ramúramù, adìyẹ àdúgbò sá wọgbó, Dúrójayé ń jó. Kí n má purọ́, inú èmi náà dùn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó wa èéfín rẹ̀ dé Ìtàjí. Mojísọ́lá jáde nínú aṣọ òkè, ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo ọkọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo máa jókòó sí? Orí uná?"

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ ìyàwó wo ibi tí ìjókòó wà tẹ́lẹ̀. Kò rántí obìnrin náà rárá látọjọ́ tó ti mú ayùn. Àwọn obìnrin ilé gbé àpótí ìyàwó sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ní kó máa kó ẹrù lọ. Àwọn fi orin sin ìyàwó, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Mọ́tò kú lórí òkè. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sin ìyàwó ti bá Dúrójayé tó ń tì í, òógùn bò ó. "Ẹ kú uṣẹ́ o, onímọ́tò!" Wọ́n kọjá. Mojísọ́lá kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, ó béèrè ọkọ rẹ̀.

"Kò sí ní ulé," ni Tinúọlá wí. "Ó kúkú mọ àṣà."

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Dúrójayé tó wọlé, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó ru àpótí ìyàwó rẹ̀ lórí.