Ọdún Kérésì Tí Ìyàwó Mi Kò Sí Nílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dún Kérésì tó kọjá. Kì í ṣe ìtàn ìbànújẹ́, ẹ má mikàn. Kò sì sí iṣẹ́ ìyanu ńlá kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ gbígbá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ gbígbá lásán.

Mówè là ń gbé, èmi àti ìyàwó mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ sì ti lọ. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Fúnmi, àkọ́bí wa, bímọ ní Kánádà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyàwó mi di ẹrù, ó kó èlùbọ́, ó kó ẹja gbígbẹ, ó kó ọṣẹ dúdú, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ òun. Ta ló fẹ́ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró?

Kó tó lọ, ó se ọbẹ̀ kún fíríìsà, ó bù ú sínú ike kéékèèké, ó ní kí n máa yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará Mówè ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ! Tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Kí iná tó dé padà, gbogbo ọbẹ̀ ti kan. Mo dà á nù.

Láti ìgbà náà, búrẹ́dì àti tíì ni. Láàárọ̀, búrẹ́dì. Lálẹ́, búrẹ́dì. Ṣé n kò lè se oúnjẹ ni? N kò mọ̀ ọ́n sè! Láti ọwọ́ ìyá mi ni mo ti bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó mi, kò sì sí ìgbà tí ebi pa mí láàárín méjèèjì tí mo fi ní láti kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, n kò ṣí fèrèsé mọ́. N kò fá irùngbọ̀n. Tó bá di ọjọ́ Sunday, màá wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán, màá tún jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí ìsìn á fi parí. Kò sí àìsàn kan tí mo lè tọ́ka sí. Ilé kàn ń dákẹ́ jù ni, èmi náà sì ń bá a dákẹ́.

December wọlé. Àwọn aládùúgbò so iná wínníwínní mọ́ géètì, àwọn ọmọdé ń yin báńgà, mọ́tò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní márosẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo ti pinnu. Tó bá di ọjọ́ Kérésì, màá ti géètì, màá sùn. Tí mo bá jí, ọdún á ti kọjá.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ìyàwó mi fi pè mí lórí fídíò. Ó fẹ́ fi ọmọ hàn mí. Àmọ́ bó ṣe rí ojú mi, ó gbàgbé ọmọ.

"Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ̀yin rèé?"

Mo ní èmi ni, ta ló tún máa jẹ́?

Ó ní, "Ṣé kí n máa bọ̀ nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Fúnmi, kò tíì lè gbé nǹkan tó wúwo. Ọkọ ẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí ìyá bá tìtorí tèmi wọ bàálù padà wálé, ta ló máa di ọmọ náà mú nínú òtútù ibẹ̀ yẹn? Mo ní rárá o, kó dúró, kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Kò gbà. Ó ní òun ò ní bẹ̀ mí ní nǹkan ńlá. Tílẹ̀ bá ti mọ́, kí n ṣí fèrèsé, kí n gbá iwájú ilé. Ó tán. Òun á máa pè mí láràárọ̀ láti wò ó. Àmọ́ tí ojú mi bá ṣì rí báyìí títí di ọ̀sẹ̀ Kérésì, òun ń bọ̀ nílé nìyẹn. Mo mọ ìyàwó mi. Kì í halẹ̀ lásán.

Bí mo ṣe gbé ìgbálẹ̀ nìyẹn o! Ẹ̀yìn ń dùn mí, eruku ọyẹ́ ń kó sí mi nímú. Mi ò tíì gbá a dé ìdajì tí Alhaji Múfú fi yọ. Ọ̀kánkán ilé wa ni ilé tiwọn, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. Awakọ̀ tírélà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ látìgbà tó ṣì jẹ́ igbó. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n máa ń rìn dé etí márosẹ̀, kí wọ́n tó padà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dádì Fúnmi! Ṣé ẹ̀yin náà ti dọ̀gá nídìí ìgbálẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kí n jẹ́ ká jọ nasẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ìrìn Alhaji, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí! Ẹsẹ̀ ò yá, torí pé kò sí ẹni tí wọn kì í kí. Fọkanáísà, ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní jọ́ńṣọ̀n, gbogbo wọn pátá ni Alhaji mọ orúkọ wọn. Ṣé ẹ rí èmi? Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ l'Ékòó, mo ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ń wọlé lẹ́yìn tó bá ti ṣú. Oorun ni mo máa ń wá sùn ní Mówè. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé mo ní aládùúgbò.

Ó di àṣà wa. Màá gbálẹ̀, Alhaji á yọ, a ó jọ lọ, a ó jọ bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Mo ní búrẹ́dì ni. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo yà ra ẹ̀wà.

Ẹ má bèèrè lọ́wọ́ mi bí ẹ̀wà ọjọ́ náà ṣe rí. Ó jó! Èéfín kún ilé. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ń sọ fún mi bí màá ṣe fọ ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbé e kaná, mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Ìyẹn jinná. Mo bù ú sínú àwo, mo gbé e lọ fún Alhaji.

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n nu ẹnu. "Dádì Fúnmi, ó dùn o. Àmọ́ ṣé ẹ̀yin àti iyọ̀ ń jà ni?"

Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí mo bá sè, Alhaji á jẹ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo kọ́ ìrẹsì, mo kọ́ ọbẹ̀ ata. Mo fá irùngbọ̀n mi láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo tún padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ń wò mí lórí fídíò láràárọ̀, kò dárúkọ bàálù mọ́.

Àmọ́ ti Kérésì fúnra ẹ̀, mi ò tíì yí ìpinnu mi padà. A wà lórí ìrìn lọ́jọ́ kan tí Alhaji bèèrè ètò ọdún. Mo ní kò sí ètò o, oorun ni màá sùn.

Wọ́n dúró lójú ọ̀nà. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n.

Wọ́n wá sọ fún mi pé lẹ́yìn tí ìyàwó àwọn kú, nǹkan tí àwọn náà ṣe gan-an nìyẹn. Mo mọ̀ pé Alhaja ti kú o, mo sì lọ kí wọn nígbà yẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé nígbà tí Iléyá dé, àwọn ọmọ wọn ra ẹran, wọ́n pa á, wọ́n pín in, oníkálùkù gba ilé ẹ̀ lọ. Alhaji ti ilẹ̀kùn, wọ́n sùn. Wọn ò tọ́ ẹran náà wò.

"Mo rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni," wọ́n ní. "Àmọ́ mo jí lọ́jọ́ kejì, ọkàn mi ò jí. Ó pẹ́ kó tó jí, mi ò sì gbọ́ adùn oúnjẹ ọdún mọ́. Dádì Fúnmi, ẹ má dán an wò."

Mo kàn ní, "Alhaji, nígbà náà, ẹ ó bá mi pa adìyẹ."

Wọ́n sì bá mi pa á! Àwọn ni wọ́n dúńbú ẹ̀ láàárọ̀ Kérésì, kí ó lè ṣeé jẹ fún wọn. Àwa méjèèjì la jókòó sẹ́yìnkùlé, omi gbígbóná nínú báàfù, à ń tu ìyẹ́. Ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n Alhaji. A to igi sínú ààrò, a gbé ìrẹsì kaná. Ẹ gbà mí o, iná náà le ju bí a ṣe rò lọ! Ìyá Chídi, ayálégbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, gbóòórùn ẹ̀, ó sáré wọlé, ó fa igi yọ, ó da omi díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, ẹ fẹ́ jó gbogbo àdúgbò ni?" Kò padà lọ mọ́. Ó pe àwọn ọmọ ẹ̀, àwọn ọmọ náà pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọdé nínú aṣọ tuntun ti kún ẹ̀yìnkùlé mi, tòun ti jígí dúdú lójú.

Inú ariwo yẹn ni ìpè ti wọlé láti Kánádà. Mo gbé fóònù sókè kí wọ́n rí gbogbo wa. Fúnmi pariwo. Ohun tí ìyàwó mi kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló dáná.

Alhaji na ọrùn sí fóònù. "Èmi àti ọkọ yín ni, Ìyá Fúnmi! Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa wẹ ọmọ yín."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí, ó di ẹkún. Ó ní òun ò bọ̀ mọ́, ó di ìgbà tí ọmọ bá tó í jókòó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wo Alhaji. Wọ́n gbé àwo sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń jẹun. Ìsàlẹ̀ ìrẹsì náà ti jó díẹ̀, wọ́n ń fi ṣíbí ha á jẹ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí i pé mo ń wo àwọn.

"Dádì Fúnmi," wọ́n ní, "mo ń gbọ́ adùn ẹ̀."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Ìyàwó mi ti dé báyìí. Ara Fúnmi ti le, ọmọ ti ń jókòó. Èmi ni mo ṣì ń gbálẹ̀ láràárọ̀, èmi àti Alhaji ṣì jọ ń rìn. Nígbà tí ààwẹ̀ wọlé, èmi ni mo ń se ẹ̀wà tí wọ́n fi ń ṣínu.

Kí ni mo rí kọ́? Mo ti ń rò pé ọdún ni ó máa wá bá mi, kí n tó yọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí à ń ṣe lójoojúmọ́, fèrèsé ṣíṣí, ìkíni àárọ̀, ìkòkò kan tá a gbé kaná, àwọn ló ń la ọ̀nà fún ayọ̀. Tí ọ̀nà bá sì ti là, èèyàn á gbà á wọlé wá bá ẹ. Kò sì sí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù láti kọ́ ohun tuntun. Ẹ wo èmi àgbàlagbà, èmi náà ti mọ ìwọ̀n iyọ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́? Àṣà kékeré wo ló gbé yín ró nígbà tí ilé dákẹ́ jù? Ta lẹ jọ jẹun ọdún tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Tí ẹ bá sì mọ ẹnì kan ládùúgbò yín tí kò ṣí fèrèsé mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde báyìí, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀.