Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Túmọ̀ Tán

Òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn ni nọ́ọ̀sì náà gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Nukafu, lọ́jọ́ ìpàdé àwọn ìyá. Faransé ló ń sọ, èmi tíṣà Faransé ni wọ́n sì ní kí n máa túmọ̀. Mo tún gèlè mi wé, mo gbéra ga díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀, mo túmọ̀ rẹ̀ geere. Lẹ́yìn náà ló mẹ́nu ba "col de l'utérus", ìyẹn ọrùn ilé ọmọ, ó ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan wá ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kódà bí kò bá dùn ún. Kí n tó lanu, alàgbà ìjọ wúkọ́.

"Tíṣà, ẹ rọra o! Ọkùnrin wà níjòkòó."

Alàgbà náà ti kú, mi ò tíì dárí jì í. Mo ní, "Wọ́n ní ká wá ṣàyẹ̀wò ọrùn."

Àbúrò mi obìnrin ń ta òkìrìkà ní ọjà Hédzranawoé, níbi tí wọ́n ti ń pe kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ní "col". Ó fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún un pé kọ́là tèmi ò tíì gbó!"

Gbogbo ìyá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo yọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò tèmi. Kò gba àkókò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mí. Ojú ń tì mí, mi ò sọ fún ẹnì kan.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára àbúrò mi nígbàkígbà tó bá bá ọkọ rẹ̀ sùn. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Ká ní wọ́n tètè yẹ̀ ẹ́ wò ni, wọn ì bá ti tọ́jú ibẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Àbúrò mi yíjú sí mi.

"Ṣé ọrùn tí ẹ wí lọ́jọ́sí nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ṣe tiyín?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá mi jà. Ó kàn ní kí n fa aṣọ bo ẹsẹ̀ òun.

Èmi ni mo tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Màmá ló ń pè mí. Lọ́jọ́ tí mo mú un lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ náà, ó bi mí ohun tó pa ìyá òun. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ tèmi sílẹ̀. Ó ṣì ń wá kí mi, ó ń bá mi ra oògùn, ó sì ti lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí ló ń pè mí báyìí. Mi ò bá a wí.