Aago Tí Òmùwẹ̀ Fún Alásè

Baba Sùúrù ni wọ́n ń pe atúnaagoṣe kan, torí pé ó lè fi sùúrù fún wàrà kìnnìún. Kì í fọwọ́ kan aago láìkọ́kọ́ wádìí orírun rẹ̀, àfi bí ẹni fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó.

Obìnrin kan gbé aago bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá. Ó ní òmùwẹ̀ ni bàbá òun nínú ọkọ̀ ojú omi ológun. Nọ́ńbà ológun wà lẹ́yìn aago náà lóòótọ́. Baba Sùúrù wádìí títí lọ́dọ̀ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì rí arúgbó kan tó dá nọ́ńbà náà mọ̀. Ó mú obìnrin náà lọ bá a.

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ńbà tèmi nìyí! Ọmọ mi, bàbá ẹ ò lè lúwẹ̀ẹ́ rárá. Èmi ni òmùwẹ̀, alásè wa ni òun. Èmi ni mo fún un láago, kó má baà máa jó wa níresì."

Baba Sùúrù rò pé inú obìnrin náà máa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa obìnrin náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Abájọ tí wọn kì í jẹ́ ká sún mọ́ odò!"

Ó na aago náà sí arúgbó, ṣùgbọ́n ìyẹn dá a padà sọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bọ́ wa yó ló ni ín."