Gàní Tó Padà Dé

Bí ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ ní Tanke, tí ẹ gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe awakọ̀ ní "London", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín. Gàní ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀.

Lọ́dún kan báyìí, ẹgbẹ́ wa gbé eré lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò sí lára àwọn tó lọ. Ọ̀gá wa, Láníyọnu, ló dúró fún gbogbo wọn kí wọ́n tó rí físà gbà. "Ẹ ṣáà bá mi padà wálé," lọ̀gá wí, "lẹ́yìn èyí, Amẹ́ríkà ló kàn." Gàní gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn.

Ní ìlú kẹta tí wọ́n dé, Suhaib, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wa, ní òun ń lọ ra búrẹ́dì. Kò padà. Nígbà tó ṣe, àwọn méjì mìíràn náà bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Gàní bá kó ipa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ tirẹ̀. Bó bá jáde lọ́tùn-ún ní ọba, á sáré wọlé lósì ní ìránṣẹ́ ọba. Àwọn òyìnbó dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe kọ eré náà nìyẹn.

Bó ṣe wọlé dé Ṣàngó, àdúgbò wọn, ìyá rẹ̀ rí àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún.

"Gàní, ta ló lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi, Ìyá. Eré ti parí ni."

"Ṣé eré ti Suhaib ò parí ni?"

Gàní gbé àpótí rẹ̀ wọlé.

Amẹ́ríkà náà kò ṣeé ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ tún lọ tọrọ físà, ìbéèrè kan ni àwọn òyìnbó ọ́fíìsì físà bi wọ́n: àwọn tó lọ níjọ́sí dà? Ọ̀rọ̀ parí. Láníyọnu tú ẹgbẹ́ ká, Gàní sì lọ ń wa kẹ̀kẹ́. Inú ń bí mi títí dòní. Ẹni tó sá lọ ni wọ́n ń kí ìyá rẹ̀ kú oríire, ẹni tó mú àdéhùn ṣẹ ló di ọ̀dẹ̀ àdúgbò!

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìyá Gàní pe áfáà wá sílé, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ìyá ní kì í ṣe ojú lásán lèèyàn fi ń dé London tí í padà sí Ṣàngó. Áfáà kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, wọ́n gbé hàǹtú náà fún Gàní pé kó mu ún, kí ẹ̀mí ìpadàsẹ́yìn lè fi í sílẹ̀.

Mò ń retí kó kọ̀. Mo tiẹ̀ ń ṣẹ́jú sí i. Àmọ́ ó gbé abọ́ sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá. Mo ti rí ojú Gàní lórí ìtàgé nínú ẹkún àti nínú ẹ̀rín, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń ṣeré; lọ́jọ́ yẹn, kò ṣeré rárá. Ó gbójú sókè wo áfáà.

"Ẹ jọ̀ọ́, áfáà," ló wí, "ṣé ó ṣẹ́kù?"