Àtíkè Grandma

Òórùn àtíkè tí wọ́n fi kun ojú ọmọ mi fún eré ilé-ìwé ní Thamesmead jọ ti Grandma, arúgbó òyìnbó tí Mummy máa ń tọ́jú ní Woolwich. Òṣèré ni Grandma, láyé tí fíìmù kò tíì ní ohùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Mummy mú mi dání lọ síbẹ̀, Uncle, àbúrò rẹ̀, pè é láti Ìjẹ̀bú lórí fóònù Grandma. Mummy kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó wọ kíṣìnì, ó tilẹ̀kùn. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e.

Grandma di àgbọ̀n mi mú. "Èmi ni kó o máa wò."

Ó fi ojú lásán ṣe obìnrin tí atẹ́gùn ṣí fìlà rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Nínú bọ́ọ̀sì, Mummy ní, "Màmá Ìjẹ̀bú ń kí ẹ."

N kò tíì mọ̀ pé Màmá, ìyá tó bí i, ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Mummy, kí ló dé tí omijé ń ṣàn nínú àtíkè Grandma?" mo bi í.

"Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn," ó ní, ó sì kọjú sí fèrèsé.