Ohun tí Ìyá Àpá Sọ fún Kọ̀ǹpútà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ ní oríta Mówó láti tún fóònù mi ṣe. Wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà bí igi ìdáná. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tan ọ̀kan nínú wọn láti dán an wò, òórùn eruku tó ń gbóná lórí rọ́bà bá jáde, ó sì gbá mi nímú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò lè mọ òórùn yẹn. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Àgbádárìgì, kò sí òórùn tó dùn mọ́ wa tó o, kódà búrẹ́dì gbígbóná kò tó o. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, ìbínú ni ó gbé dìde nínú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan láti òkè òkun gbé kọ̀ǹpútà mẹ́fà wá sí ilé ìwé wa létí ọ̀sà. Àwọn èèyàn wọn wọ kóòtù nínú ooru, òógùn ń ṣàn wọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Ọ̀gá wọn nawọ́ sí àwọn ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ohun tí ẹ bá fi sínú èyí, kò ní sọnù láé." A pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta wá.

Tíṣà Mautin ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò. Ó ní a kò ní máa fi ẹ̀rọ tó tó báyìí tẹ a-b-d lásán. "Ẹ lọ bá àwọn àgbà yín. Ohun tí wọ́n mọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan, òun ni ká kọ."

Sẹ̀nàmi ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ègùn láti Àpá, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àpá. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sọ ibi tó ti ń bọ̀, irú ẹja tó ń tẹ̀lé e, àti bóyá kí àwọn apẹja gbé ọkọ̀ sómi tàbí kí wọ́n jókòó máa tún àwọ̀n ṣe. Atẹ́gùn mọ́kànlá ló mọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ lédè Ègùn, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn àti orin tirẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni Tíṣà máa ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé màmá náà wá sí ilé ìwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, ó kí i dáadáa bí ẹni ń kí àlejò, ó wá bi wá léèrè pé, "Ṣé eléyìí gbọ́ Ègùn?"

Sẹ̀nàmi ní, "Kò gbọ́ ọ, Mama, ṣùgbọ́n yóò kọ ọ́."

"Kò gbọ́ ọ, ó sì ń kọ ọ́? Ẹ máa ṣọ́ ọ o."

A rẹ́rìn-ín títí. Odidi ọdún kan ni Sẹ̀nàmi fi ìka méjì tẹ ọ̀rọ̀ náà, tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta bí ti ẹni tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, tí èmi sì ń kà á padà fún màmá. A kò kọ ọ́ sínú ìwé. Tíṣà ní ikán ń jẹ ìwé, ọ̀rinrin ọ̀sà sì ń bà á jẹ́. Inú dísìkì pẹlẹbẹ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ wà, irú èyí tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yẹn nìkan lè kà. Àwa náà kò há a sórí, ẹ̀rọ la gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìyá Àpá kú. Kò pẹ́ sígbà náà tí atẹ́gùn iyọ̀ òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní Èkó láti béèrè ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kékeré kan. Nígbà tó padà dé, ó dà bí ẹni pé wọ́n nà án níta gbangba. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì kò tilẹ̀ fún òun ní àga. "Ó ní àwọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, ká ra tuntun. Mo ní, àwọn dísìkì wa ńkọ́? Ó ní tuntun kò lè kà wọ́n."

Sẹ̀nàmi kò sunkún. Ohun tó sọ ni pé, "Wọ́n tún sin Mama lẹ́ẹ̀kejì."

Láti ìgbà náà, ibi tí mo bá ti gbọ́ pé ẹnì kan mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, láti Ìjànikin títí dé Ìkẹjà, mo ti gbé àwọn dísìkì náà débẹ̀. Ilé ọkọ gbé Sẹ̀nàmi lọ sí Àjàṣẹ́ lódì kejì ẹnubodè, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó máa pè mí tí kò ní béèrè. Nígbà tí mo wá rí ẹni tó ní irú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, ó ki àwọn dísìkì náà bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó mi orí. Èbu ti jẹ wọ́n tán.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Sẹ̀nàmi pè mí láti orí àìsàn. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ṣé o ti rí i ṣí?"

Mo ní, "Ó ti ṣí, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ló pé."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù yẹn kò parí kó tó kú. Irọ́ tí mo pa fún un, ọrùn ilé iṣẹ́ yẹn ni mo gbé e kọ́ títí dòní.

Ilé iṣẹ́ náà pàápàá kò sí mọ́. Wọ́n rò pé àwọn oníbàárà kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tí kò mọ àbúrò tirẹ̀, títí àwọn èèyàn fi kẹ̀yìn sí wọn, tí ẹlòmíràn sì ra ohun tó ṣẹ́kù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò báyìí. Àṣìṣe òwò ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ẹ̀kọ́ ńlá ni. Àṣìṣe! Ẹni tí omi dànù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe. Ẹni tó ní kí o kó ẹrù bàbá rẹ wá sí yàrá òun, tó tì í pa, tó ju kọ́kọ́rọ́ sọ́sà, tó wá ní kí o lọ gba yàrá mìíràn, kí ni orúkọ tirẹ̀? Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn tó dárúkọ Àpá rí.

Ní báyìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ń gbé ẹ̀rọ tó lágbára ju mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn lọ sínú àpò. Wọ́n ní gbogbo nǹkan àwọn wà lórí ayélujára, pé kò lè sọnù láé. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi á gbóná, wọ́n á ní màmá ti tún bẹ̀rẹ̀.

Láti Mówó lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, n kò padà sílé. Mo lọ sí Àpá. Atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ níbẹ̀ bó ṣe ń fẹ́ látijọ́. Mo rí bàbá apẹja kan tó ń tú àwọ̀n, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í léèrè orúkọ àwọn atẹ́gùn. Mẹ́rin ló mọ̀. Mo ní kó tún wọn pè títí mo fi kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé pẹ̀lú bírò.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó kù ńkọ́?"

Ó ní, "Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ." Ó wò mí díẹ̀. "Àbí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rò ó láti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà ni?"

"A kọ ọ́, bàbá," ni mo wí. "A kọ ọ́."