Ẹsẹ̀ Méjì Lábẹ́ Jíìpù

Mo fẹ́ kí ó yé ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí pé n kò na ẹsẹ̀ sí Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹsẹ̀ mi ti wà ní nínà kí Bàbá tó dé. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn na ẹsẹ̀ sí àgbà àti kí àgbà wá dúró níwájú ẹsẹ̀ tó ti wà ní nínà, àmọ́ nínú gbogbo ẹbí wa ní Kabba, èmi nìkan ni ìyàtọ̀ yìí hàn sí.

Jíìpù mi ti dàgbà. Ó ti sin ẹni méjì lókè òkun àti ẹnì kan ní Ìlọrin kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, àbúrò mi ọkùnrin sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí mo rà á. Àbúrò náà ti tó ìyàwó fẹ́ báyìí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ṣeé ṣí láti inú. Bí a bá já sí kòtò, gíláàsì apá òsì á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ń tún un ṣe, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ràn ọ́ìlì nínú èékánná. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun ń retí páátì kan láti Èkó. Ọjọ́ ọjà ni mo bá jíìpù mi pàdé lọ́nà, ó ru iṣu débi pé ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì náà juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Èkejì yọ bátìrì tuntun mi, ó fi ògbólógbòó sí i, ó sì búra pé òun náà ni mo gbé wá. Ẹ̀kọ́ kẹ́místírì ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ohun tí ènìyàn kò bá sàmì sí, kò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀. Mo ti fi ìṣó ha àmì sí ara bátìrì mi. Nígbà tí mo fi ibi tó yẹ kí àmì wà hàn án, ó ní bóyá òjò ló fọ̀ ọ́ dànù. Ọjọ́ náà ni mo lọ ra sípánà tèmi.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó fún àbúrò mi ní Amuro ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Sátidé ni wọ́n dá fún wa. A ti yẹ ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí òkú tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé bí a bá tún yẹ èyí, àwọn á mọ̀ pé a kò fẹ́ ọmọ àwọn dénú. Bàbá ni yóò ṣíwájú wa. Bàbá tó bí wa ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Bàbá yìí, òun ni àgbà ìdílé, kò sì sí ẹni tí yóò dá wa lóhùn ní Amuro bí kò bá sí níbẹ̀. Jíìpù mi ni yóò gbé wa lọ. Èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú ẹbí pé kí wọ́n má wulẹ̀ háyà bọ́ọ̀sì.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa dé bẹ̀?"

Mo ní ó máa dé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i pé omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà ìsàlẹ̀ tó ń gbé omi láàárín rẹdiétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ yọ, torí irin pẹlẹbẹ tó dè é ti dípẹtà. Mo wo ọkùnrin kan nínú fídíò lórí fóònù, tó pààrọ̀ irú ìdè bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ọkùnrin yẹn kì í gbé Kabba. Kò sí ẹni tó ń kọjá kí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ènìyàn kò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí ó má kí i ní "Okun", ẹni tí a kí kò sì gbọdọ̀ má dáhùn. Okun là ń kí ẹni tó ń ti oko bọ̀, òun là ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, òun náà là ń kí ẹni tó kàn jókòó. Ó dára púpọ̀, n kò ní ẹjọ́ kankan sí i, bí kì í bá ti í ṣe pé nọ́ọ̀tù wà láàárín eyín mi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti di wákàtí kan ààbọ̀. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ti kí mi. Bàtà wọn ni mo fi kà wọ́n.

Báyìí ni mo ṣe wà nígbà tí Bàbá dé: mo wọ ṣòkòtò bí ọkùnrin, mo dojú sókè lábẹ́ jíìpù, mo sì fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà náà. Bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, gbogbo omi ìpẹtà tó kù yóò dà sí mi lójú. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá. Wolé-wolé ni Bàbá kí ó tó fẹ̀yìntì. Nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ìkòkò omi tí kì í yọjú wò láti Kabba títí dé Mopa, bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ti fẹ̀yìntì, ojú kò tíì fẹ̀yìntì.

"Okun o, mẹkáníìkì."

"Okun, Bàbá. Èmi ni."

Ọ̀pá náà kàn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń dán iṣu wò.

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi tíṣà, ọmọ àbúrò yín."

"O ò ní jáde wá kí mi?"

"Bàbá, ìka mi ló dí ihò yìí. Bí mo bá jáde, omi á tẹ̀lé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, omi ń bọ̀."

Kò sún. Ó tún fi ọ̀pá gún mi lẹ́sẹ̀. Ìka mi yẹ̀, omi bọ̀, ó sì ṣàn dé orí bàtà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó pe ẹbí jọ. Ó ní mo dojú sókè bí ẹni ń yáàrùn, mo na ẹsẹ̀ sí òun, mo lé òun kúrò níwájú ilé àbúrò òun, mo sì da omi sí òun lẹ́sẹ̀. Nínú ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sọ, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá, ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Mo ti múra sílẹ̀. Mo ti tẹ ìwé ẹ̀hónú ojú ewé méjì, mo sì ya àwòrán sí i: jíìpù rèé, ẹsẹ̀ mi rèé, Bàbá rèé, mo sì fa ìlà tó fi ọ̀nà tó gbà wá hàn, kí wọ́n lè rí i pé òun ló wá bá ẹsẹ̀. Bàbá gba ìwé náà. Ó wo àwòrán títí. Ó ní òun kò kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ó wá fi í fẹ́ ara rẹ̀ títí ìpàdé fi parí.

"Obìnrin kì í dùbúlẹ̀ kí àgbà," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ ni. Ìwọ wá fẹ̀yìn lélẹ̀. Mú àkùkọ kan wá, kí o wá kí mi bó ṣe yẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa sin yín dé Amuro."

Ìyá mi já mi ní èékánná nítan. Àbúrò mi ń wò mí bí ẹran ọdún ṣe ń wo ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé àkùkọ lọ, mo sì kúnlẹ̀. Nítorí àbúrò mi ni. Àkùkọ pupa ni, ó sanra, èmi ni mo fọwọ́ ara mi yàn án. Ògiri kan ló wà láàárín ilé Bàbá àti tèmi. Láti ọjọ́ náà ni àkùkọ yẹn ti ń kọ sí mi létí ní gbogbo ìdájí, bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

A gbéra ní Sátidé. Bàbá jókòó níwájú nínú agbádá funfun. Ìyá mi àti àbúrò mi wà lẹ́yìn, àwọn iṣu àti ẹrù ìdáná yí wọn ká. Àbúrò mi sanra, ìjókòó ẹni méjì ló ń gbà. A kò tíì dé Mopa nígbà tí ọwọ́ aago ìgbóná gòkè, tí èéfín sì ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo páàkì. Ìdè tuntun náà ti tú. Mo gbà pé n kò dè é le tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnì kan ń fi ọ̀pá gún mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo ń dè é.

Mo ní omi nínú kẹ́ẹ̀gì, mo ní sukurudíráfà. Nígbà tí ó tutù, mo rí i pé ọwọ́ mi lè dé ibi ìdè láti òkè, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tí yóò ti rọ́bà náà sókè, tí yóò sì dì í mú. Àbúrò mi gbìyànjú. Orí rẹ̀ wọlé, àyà rẹ̀ wọlé, ikùn rẹ̀ kọ̀.

"Ẹ má wo èmi," ìyá mi ní. "Pẹ̀lú orúnkún yìí, bí mo bá wọ ibẹ̀, ẹ sin mí síbẹ̀ náà ni."

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó wo Bàbá, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n ní ká dé?" Bàbá béèrè.

"Mọ́kànlá, Bàbá."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó ṣí fìlà, ó kó wọn fún àbúrò mi. Ó ní òun ti wọ abẹ́ àká àwọn ènìyàn rí nítorí eku, kí ni jíìpù. Ìyá mi tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì wọlé. Mo fẹ́ kí èyí wà ní àkọsílẹ̀: Bàbá dojú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síta.

Mo ti ń dè é nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Àgbàlagbà ọkùnrin kan tó wọ agbádá ló sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Okun o," ó kí àwọn ẹsẹ̀ náà.

"Okun," Bàbá dáhùn láti ìsàlẹ̀.

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tòun ti orúnkún. Ó sọ ọ́ sábẹ́ jíìpù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ọkọ mi, àgbà ilé ìyàwó ni. Òun ló gbà wá lálejò nígbà tá a kọ́kọ́ lọ."

Mo gbọ́ nǹkan tó dún gbì. Orí Bàbá ni.

"Bàbá, ẹ má jáde," mo ní. "Omi á tẹ̀lé yín."

Ó sọ fún bàtà àlejò náà pé, "Ẹ má bínú, àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, omi ń bọ̀."

Ọkùnrin náà sún. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i: wọ́n ní kí ó sún, ó sì sún. Lẹ́yìn náà ló lóṣòó, ó sì tan iná fóònù rẹ̀ sí abẹ́ jíìpù.

"Ṣé ẹ ń rí ibẹ̀ dáadáa? Àwa ń retí yín nílé, ẹ̀yin wá ń sùn lọ́nà."

Bàbá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kí n má parọ́, ìdè náà ti le kí n tó sọ pé ó ti le. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀.

Aago méjìlá ti kọjá kí a tó wọ Amuro, àwọn ará ilé ìyàwó sì ti ń kùn. Ọkùnrin tó bá wa lọ́nà náà dìde. Ó ní, "Mo bá àgbà wọn lábẹ́ ọkọ̀, ó sùn sínú ìpẹtà nítorí ọmọ wa. Ibo lẹ tún fẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún wa ní ìyàwó. Bàbá kò wọ agbádá rẹ̀ mọ́ títí a fi jẹun tán, kí gbogbo ènìyàn lè rí àbàwọ́n tó wà lẹ́yìn bùbá rẹ̀.

Bí a ṣe ń bọ̀, mo dákẹ́ títí a fi kọjá Mopa kí n tó béèrè.

"Bàbá, àkùkọ mi ńkọ́?"

"Àkùkọ wo?"

"Ẹ̀yin náà fẹ̀yìn lélẹ̀ kí àgbà."

"Ẹnu iṣẹ́ lèmi wà."

"Èmi ńkọ́?"

"Iwájú ilé nìwọ wà."

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo jíìpù ń mì. Ìyá mi ní ká jẹ́ ká délé ná. A délé. Kò sí ohun tó tú.

Ìyẹn ti tó oṣù mélòó kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lábẹ́ jíìpù náà, sàlẹ́ńsà rẹ̀ ló fẹ́ já. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá. Ó dúró lókèèrè, níbi tí omi kankan kò lè dé.

"Okun o, tíṣà. Má dìde."

"Okun, Bàbá. Àkùkọ mi ńkọ́?"

Ọ̀pá náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ògiri, ní ọ̀sán gangan, àkùkọ mi kọ.